Ta Ló Kọjá Afárá Bàbá Onífìtílà?

Káyọ̀dé, sọ fún ẹni tó ń kọ pátákó yẹn kó má tíì po ọ̀dà rẹ̀. Kó jókòó ná. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, ẹ kúrò lójú oòrùn, ẹ wá sábẹ́ ibòji yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ló ti ń jáde, ẹ mọ̀ pé ó máa yà díẹ̀ lọ́nà kó tó délé.

Mo gbọ́ pé "Ilé Gémù Bàbá Afárá" lẹ fẹ́ kọ sára ṣọ́ọ̀bù tuntun yín. Ẹ ṣeun. Ọmọ ọmọ tó bá rántí mi nígbà tí ojú mi ṣì ń rí i, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tirẹ̀ náà rántí rẹ̀. Àmọ́ ó lé lógún ọdún tí orúkọ yẹn ti ń yún mi lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní òpópónà, mo máa ń dáhùn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, inú mi a sì máa sọ pé, "Ìwọ bàbá yìí, o mọ̀ pé tìẹ kọ́." Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo wọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Èbúté Ìkòròdú ni mo ti lo ayé mi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe. Ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Èkó, ọkọ̀ oníyanrìn, ọkọ̀ apẹja, bí ẹ́ńjìnnì wọn bá ti ń wúkọ́, èmi ni wọ́n ń wá. Nígbà tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀, ẹni tó bá ní i á so ó mọ́ bẹ́líìtì kí gbogbo ayé lè rí i. Mo ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Dúpẹ́, ìyá Káyọ̀dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ni. Ẹ lè bi mí pé kí ni bàbá tó ti ń mú ọmọ fún ọkọ wá dé ilé gémù. Òjò ni.

Mo ń ti Èbúté bọ̀, mo fẹ́ ra abẹ ìfárùngbọ̀n ní àdúgbò Lásunwọ̀n, ni òjò bá ya lójijì. Mo sáré wọ abẹ́ òrùlé tó sún mọ́ mi jù lọ, láàrin ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti ìyá tó ń lọ ata. Ni mo bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn: "Gbá a! Gbá a! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?" Mo rò pé wọ́n ń lu olè. Mo ká aṣọ sókè kí n lè bá wọn dá sí i. Kò sólè, kò síjà. Ọkùnrin bí ogún ló há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì, ojú gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, òógùn ń bọ́ lára wọn bíi ti àwọn tó ń ro oko ní Ìmọ̀ta.

Múfú ni orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó wá háyà yàrá kan ní àdúgbò wa. Ọmọlúàbí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó fún pọ̀ yẹn, ó ní, "Bàbá, ẹ kú òjò o. Ta lẹ wá mú?" Mo ní mi ò wá mú ẹnikẹ́ni, òjò ló lé mi wọlé. Ó ní, "Òjò yìí máa pẹ́, sà. Ẹ gba pádì." Pádì yẹn ni ohun tí à ń fọwọ́ méjèèjì dì mú, tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Mo gbà á. Òjò dá, mi ò mọ̀. Oòrùn ràn, ó wọ̀, mi ò mọ̀. Abẹ ìfárùngbọ̀n tí mo fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, títí dòní mi ò rà á.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà ní ilé gémù, orí tèmi gan-an ló ń wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kọ́ mi ní bọ́tìnì, èmi náà ń bá wọn parí aáwọ̀. Òfin kan ló sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ré e kọjá: ẹni tó bá borí ló ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà, á dìde. Ì báà jẹ́ ọmọ ọba, ì báà jẹ́ bàbá tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. "Bàbá, ẹ ti jẹ ẹ́ o, ẹ dìde sà!" Wọ́n á sọ "sà" sí i, àmọ́ èmi ṣáà máa dìde ni.

Bí nǹkan bá ha sídíì lára, ọṣẹ ìfọyín ni Múfú fi ń pa á lára, á fi aṣọ nù ún rọra bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ka sídíì, a ó dà á dojú dé, yóò sì máa ṣiṣẹ́ ní ìdojúdé bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún yín báyìí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín. Ní ọjọ́ Iléyá, Múfú á gbé ẹran wá sí ṣọ́ọ̀bù, àtonígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, pádì á ti kún fún ọ̀rá, bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ gbá sílé á gba òde lọ. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí èèyàn fẹ́ gbá pẹnárítì ńkọ́? Igbe tí a máa ń ké, ìyá alọta á ju ata sílẹ̀ á sáré wò wá.

Lónìí, mo wọ yàrá Káyọ̀dé, ó ń bá ẹnì kan jà nínú gémù, ó ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ń gbé ní ìlú òkèèrè. Ó fi nǹkan di etí. Yàrá pa lọ́lọ́. Mo ní, "Ṣé o mọ ojú rẹ̀?" Ó ní rárá. Mo ní, "Tó o bá wá nà án, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó dùn ún?" Ẹ má bínú o, àwòrán tiyín dára ju tiwa lọ fíìfíì, irun ara kìnnìún gan-an ni mo rí tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú àkísà mi fún yín.

Gémù bọ́ọ̀lù ni gbogbo ilé fẹ́ràn. Èmi ò kórìíra rẹ̀, àmọ́ ó tètè sú mi, nítorí ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń yàn, ẹni kan náà ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún, ẹlẹ́sẹ̀ ehoro kan báyìí, á gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ fìrì. Ṣé bọ́ọ̀lù nìyẹn tàbí eré sísá? Òyìnbó kan wà nínú rẹ̀ tó ń ròyìn. Tìjání, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa ọkọ̀ yanrìn, mọ gbogbo ohun tí òyìnbó yẹn ń sọ sórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀.

Gémù ìjà, ìyẹn dáa. Gbogbo wọn ló ń du ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí a ń pè ní Àpò Sìmẹ́ǹtì, nítorí bó bá bọ́ lu èèyàn, ó parí. Èmi, Ìyá Onígbálẹ̀ ni tèmi. Obìnrin arúgbó kan ni, ìgbálẹ̀ ló fi ń jà, kò sẹ́ni tó ń yàn án, wọ́n ní ó lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré sí i ló ń gba ìgbálẹ̀ lójú. Mo fi Ìyá Onígbálẹ̀ na Tìjání títí ó fi ní òun ò jókòó tì mí mọ́. Èyí tí mi ò wá fẹ́ràn rárá ni gémù tí wọ́n ti ń jí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹni tí mo tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún láti àárọ̀, kí n wá fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ọkọ̀ rẹ̀? Ká má rí i.

Ṣùgbọ́n gémù tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ti Bàbá Onífìtílà ni. Orúkọ tí àwa fún un nìyẹn. Lẹ́tà tó wà lára sídíì rẹ̀, lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè kan ni, kò sẹ́ni tó lè kà á ní Lásunwọ̀n. Ẹ wò ó, nínú gbogbo gémù tí mo ti ṣe, ọ̀dọ́ tó ki pọ́pọ́ ni akọni wọn, tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé. Tèmi yìí ti darúgbó. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fìtílà wà lọ́wọ́ òsì. Ó ń wá ọmọbìnrin rẹ̀ tó sọnù lọ sórí òkè. Bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á dúró, á wúkọ́, á fọwọ́ di ìbàdí mú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó fọwọ́ di ìbàdí mú báyẹn, mo pariwo, mo ní, "Háà! Ẹni tiwa rèé!" Kì í sọ̀rọ̀. Èmi ò fẹ́ràn akọni tó ń sọ̀rọ̀ jù, ẹnu tó bá pọ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Àárín ọ̀nà ni afárá wà. Okùn ni wọ́n fi so ó kọ́ láàrin òkè méjì, pákó ni wọ́n tò sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn débi pé òkùnkùn nìkan lẹ máa rí. Pákó yẹn kì í dúró sójú kan. Èyí ń gòkè, èyí ń lọ sílẹ̀. Bàbá á gbẹ́sẹ̀ kan, á gbé ìkejì, wọ̀ọ̀! Ó ti lọ. Fìtílà á máa já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi kú. Ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí afárá padà.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó kọjá. Tìjání ní kéèyàn sáré ni. Ó sáré, ó já bọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kéèyàn fò ni. Ó fò, ó já bọ́. Wọ́n wá ní sídíì ló ha síbẹ̀, Múfú pa ọṣẹ ìfọyín lé e títí ṣọ́ọ̀bù fi ń ta sánsán. A da ẹ̀rọ dojú dé, a gbé e dúró, a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bàbá ṣáà ń já bọ́ ni. Ó wá di ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò mìíràn wá gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kọjá afárá yẹn, òun ni ọba gémù ní gbogbo Ìkòròdú. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ oyè yẹn. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta, mo fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ àkàrà. Rárá, mi ò tíì pé àádọ́ta nígbà yẹn. Ẹ rí i, ìtìjú ò jẹ́ kí n mọ ọjọ́ orí mi.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ mọ ibi tí mo ti pàdé ìyá ìyá Káyọ̀dé? Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Ìyá Dúpẹ́, ìdílé apẹja. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú omi ni mo wà. Wọ́n ní kí n wá tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe ní Ẹ̀pẹ́, mo tún un ṣe tán, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi lérí, mo ní kí n bọ́ sí èbúté. Mo gbẹ́sẹ̀ báyìí, ọkọ̀ lọ sílẹ̀, èmi náà bá a lọ. Gbàmù! Àpótí, fìlà, èmi, gbogbo wa la wọ ọ̀sà. Ọmọbìnrin kan dúró lórí èbúté, agbọ̀n ẹja wà lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gun òkè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Wọ́n máa ń dúró kó gòkè ni. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ bá a lọ nìyẹn. Ẹ dúró kó gòkè, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé yín." Mo ní orúkọ rẹ̀ ńkọ́. Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn.

A kó wá sí Ìkòròdú, ó ń ra ẹja ní Èbúté, ó ń yan án, ó ń tà á. Kì í dúró de àwọn apẹja kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ o. Inú ọkọ̀ gan-an ló ti ń lọ bá wọn ná an, láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, agbọ̀n lórí, mi ò rí i kó já bọ́ rí láyé. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gémù mi rárá. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tẹ́ ẹ lè bí lẹ jọ ń du bọ́tìnì? Ó tì yín lójú àbí kò tì yín?" Mo ní ó tì mí. Lọ́jọ́ kejì màá tún lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Orò ọdún yẹn ku ọ̀la, Múfú ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní Ìṣẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti bàjẹ́, ó bẹ̀ mí kí n bá òun tọ́jú ẹ̀rọ kan sílé, pẹ̀lú kádì kékeré tó máa ń rántí ibi tí èèyàn bá gémù dé. Ẹ ò rí i pé ológbò ló fi ṣọ́ ẹja? Kí n tó bọ́ bàtà, mo ti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń to ẹja yíyan sínú bébà. Mo ṣe é, mo já bọ́. Mo tún un ṣe, mo já bọ́. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀ ń kù gìrì jù." Mo ní, "Ìyá Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ lèyí." Ó ní ó dáa. Ó ń to ẹja rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ Orò ṣe ń rí nílùú wa. Obìnrin kì í jáde, àtonílé àtàlejò, inú ilé ni wọ́n máa wà látàárọ̀ títí wọ́n á fi ní ó tó. Ọkùnrin ló ni ìta. Èmi náà jáde, mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi, a ta ayò, a sọ̀rọ̀ ìlú, mo gbàgbé ilé. Àwọn àbúrò Dúpẹ́ wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló wà nílé. Ó ti yan ẹja tán, kò lè lọ sí Èbúté, kò sẹ́ni tó máa wá kí i. Iná wà látàárọ̀ dalẹ́, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Òun àti Bàbá Onífìtílà ni wọ́n jọ wà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ń tàn. Ẹ̀yin ọmọ, Bàbá Onífìtílà dúró ní òdìkejì afárá. Ó fọwọ́ di ìbàdí mú, fìtílà rẹ̀ ń jó geere, ẹnu ọ̀nà olókùúta kan wà níwájú rẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì tó ní Lásunwọ̀n. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ yín wà nínú kúlà. Mo ti bá yín sọdá o."

Mo ní, "Ta ló wá síbí?"

"Lọ́jọ́ Orò? Ta ló máa wá sọ́dọ̀ mi? Èmi ni. Ọwọ́ yín ni mo wò lánàá tí mo fi mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Mo já bọ́ títí mo fi ń bá bàbá ọ̀hún kẹ́dùn. Mo wá ní, ìwọ Àńkẹ́, ṣebí pákó èbúté lèyí. Mo dúró. Pákó ń lọ sílẹ̀, mo ń wò ó. Ó gòkè, mo gbẹ́sẹ̀. Ìkejì náà, mo dúró kó gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí mo fi débẹ̀. Mo sì ti sọ fún kádì kó rántí, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe." Ó rẹ́rìn-ín, ó da èèpo ẹ̀pà nù. "Ẹ̀yin ọkùnrin, gbogbo nǹkan lẹ fẹ́ sáré bá. Ẹ ò sì ní gbàgbé pé mo ti sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan rí, ara yín tutù lọ́jọ́ náà."

Inú mi dùn, mo sì jowú. Méjèèjì ni, mi ò ní tàn yín. Èmi tí mò ń gun ọkọ̀ tí mò ń sọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo pákó tó ń gòkè tó ń lọ sílẹ̀, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá.

Múfú dé. A gbé ẹ̀rọ padà sí ṣọ́ọ̀bù, èrò ti pé, a tan iná, a ki kádì bọ̀ ọ́. Bàbá Onífìtílà yọ ní òdìkejì afárá. Ni wọ́n bá hó yèè! Tìjání gbé mi sí èjìká, ó ń gbé mi yípo láàrin Lásunwọ̀n, onígbàjámọ̀ fi orí tó ń fá lọ́wọ́ sílẹ̀ ní ìdajì, òun àti ẹni tó lorí jọ ń jó. "Bàbá Afárá! Bàbá Afárá!"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyàwó mi ni." Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Kò jáde. Orí èjìká dùn ún wà, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ tí wọ́n ní kí n sọ àṣírí rẹ̀, mo ṣe bí àgbà, mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n, mo ní, "Sùúrù ni o. Ẹ máa dúró kó gòkè kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé yín." Ẹ ò gbọ́ mi? Mo gba oyè rẹ̀, mo tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo délé, Ìyá Dúpẹ́ ti gbọ́. Ìyá alọta ti wá kí i kú oríire ọkọ. Ó ń fọ àgbá tó fi ń yan ẹja. Kò wẹ̀yìn. "Wọ́n ní ẹ kọjá afárá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ sọ ẹni tó kọ́kọ́ kọjá fún wọn?" Mo bu omi mu. Omi ọ̀hún pẹ́ lẹ́nu mi. Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín Ẹ̀pẹ́ tó fi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. A ó dúró kó gòkè."

Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. A parí gémù yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀; Bàbá rí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà gba fìtílà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣíwájú, bàbá tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ hó, èmi ò lè hó dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù Múfú ti di ibi tí wọ́n ń ta táìlì báyìí, òun náà ti padà sí Ìṣẹ́yìn, Tìjání ti sinmi, kí Ọlọ́run forí jì í. Orúkọ yẹn ló kù. Bí mo bá sì ń fọ́nnu níwájú àlejò, Ìyá Dúpẹ́ á kàn wò mí láti ibi tó bá wà, á ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ dúró kó gòkè." Àlejò á rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Èmi á yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Káyọ̀dé wá sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù fún wa, Ìyá Dúpẹ́ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ó ní, "Orúkọ tó dáa ni." Ó ti àwo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó wọlé. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́ tọ ògiri lọ. Ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lẹ́tà tó bá tóbi ló ṣì lè kà, dókítà ò sì ṣèlérí ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ, àmọ́ bí òótọ́ bá bá a lẹ́yìn tí ojú obìnrin yẹn bá ti ṣú tán, àǹfààní wo ló fẹ́ ṣe fún un? Mi ò sun dáadáa láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ jókòó.

Ó yá, Káyọ̀dé. Ní kó po ọ̀dà rẹ̀ báyìí. Dúdú ni kó lò, lórí funfun. Kó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, kó gba gbogbo pátákó: ILÉ GÉMÙ ÌYÁ AFÁRÁ. Ẹ sì gbé e síbi tí ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti lè kà á.

Ẹ dìde, ẹ lọ kí i. Rárá, ẹ dúró ná, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìyá Dúpẹ́! Ìyá Dúpẹ́ o! Mo ti sọ fún wọn! Mo ní mo ti sọ fún wọn, gbogbo rẹ̀ pátá!

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń wí.

Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ẹ̀pẹ́ yẹn gan-an ni. Ó ní, "Ó ti gòkè. Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín."